Ẹ Pe Ẹsẹ̀ sí Ìjókòó: Èrò Mi lórí Ara Sísan, Àyànmọ́ àti Ìrìn Ìdájí

Lónìí, n kò ní tú Odù kan palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe níbí. Èrò ara mi ni mo fẹ́ sọ, ìtàn Ifá kan ṣoṣo ni n ó sì fi tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kan ara tí Ọbàtálá mọ fún wa: bí a ti ń bọ́ ọ, bí a ti ń fi í jókòó láti òwúrọ̀ dé alẹ́, àti bí a ti ń di ẹ̀bi ru ayé àti àjẹ́ nígbà tí ó bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé, láti ìhà Onípáànù títí wọ Bájùláyé, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti jẹnẹrétọ̀ ni àkùkọ wa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a kì í tẹ̀: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí oògùn, ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìnkú ni ó ń bọ́ mi jù. Abẹ́ àwòrán olóògbé ni a máa ń tẹ ọdún ìbí àti ọdún ikú sí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kí n má ṣì wọ́n tẹ̀ nìkan ni mo ń ṣọ́. Ìgbà tí mo kọjá ẹni 50 ọdún ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. 61. 58. 54. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn mi ni mò ń tẹ ìwé ìsìnkú wọn.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ awo, àbúrò mi nínú Ifá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó dá a dùbúlẹ̀, kò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi pa ipò dà. Níbi ìsìnkú rẹ̀, gbogbo ẹnu ni ó ń sọ pé ayé ni ó ṣe é. Èmi náà mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo mọ̀ pé kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n fún un láti ọjọ́ yẹn. Mo sì mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ó ń gbé e lọ sí ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo mọ gbogbo rẹ̀, mo sì mi orí sí ọ̀rọ̀ ayé, nítorí pé èmi gan-an kò sàn jù ú lọ. Kílò 104 ni mo wọ̀n nígbà náà.

Ohun tí ó là mí lójú ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ọdún Ifá wa ní Bàrígà, nígbà tí mo pé ẹni ọdún 57. A ti bọ Ifá tán, ó kàn mí láti foríbalẹ̀ fún olúwo wa. Mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ẹní, mo júbà tán, wọ́n ní kí n dìde. N kò lè dìde. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, apá mi ń gbọ̀n. Mo fa eékún mi, ó ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọmọ awo méjì ni wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá mi tí wọ́n fi gbé mi dúró. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Bàbá wa, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 80, tí wọ́n ṣì ń dá jókòó sórí ẹní tí wọ́n sì ń dá dìde, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ifá ti gbọ́ ìbà rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò gbọ́.”

Nígbà tí àlejò tú ká, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì rán mi létí ìtàn tí mo ti mọ̀ láti kékeré, tí ọ̀pọ̀ nínú yín náà mọ̀. Ní ọjọ́ kan, gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀. Wọn kò pe ẹsẹ̀. Èṣù sọ fún wọn pé níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti pe ẹsẹ̀, àwọn ni ó yẹ kí wọ́n wò ó bóyá ìmọ̀ràn wọn yóò gún. Ìjà ni wọ́n fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ wá bá wọn jókòó, ni ìmọ̀ràn wọn tó gún, tí ohun tí wọ́n gbà lérò sì rí bí wọ́n ti fẹ́.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìtàn yìí wúwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1976, ka ẹsẹ̀ mọ́ orí nígbà tí ó ń ṣàlàyé ohun tí ó sọ ènìyàn di ènìyàn. Orí ni ó yan ire. Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ni lọ síbi tí ire náà wà. Nítorí èyí ni àwọn àgbà awo fi máa ń túmọ̀ ẹsẹ̀ inú ìtàn náà sí akitiyan àti làálàá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá wa kò túmọ̀ rẹ̀ sí ohunkóhun ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n na ìka sí eékún mi, wọ́n ní, “Èyí ni mò ń wí. Èyí tí o fi wọlé wá.”

Ohun tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò nìyẹn. Àwa tí a lè jókòó ti ẹsẹ Ifá kan fún odindi òru, ẹsẹ̀ tí a fi wá síbi ìjókòó ni a gbàgbé. A ń bọ orí, a kì í pe ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó máa béèrè ìdí tí ìmọ̀ràn wa kò fi gún.

N kò sanra láàárín ọjọ́ kan. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ìdúró ni a fi ń ṣe é. Mo ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, mo ń ru bébà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni mo jókòó tì, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń ru bébà. Oúnjẹ nìkan ni kò yí padà. Iye òkèlè tí mo ń jẹ nígbà tí mo ń ru ẹrù ni mo ṣì ń jẹ nígbà tí ó jẹ́ pé ìka nìkan ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo tún wá fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lóòjọ́ kún un, àti búrẹ́dì ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run.

Dókítà tí mo lọ bá kò bú mi. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ 162 lórí 100. Ó wọn àyíká ikùn mi, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 116. Ó ní bí ti ọkùnrin bá ti kọjá 102, tí ti obìnrin sì kọjá 88, ewu ti sún mọ́lé. Ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ lẹ́yìn èyí ni ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé yóò ní kí n padà di ọmọ 20 ọdún. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ kílò méje péré nù.

Ó sọ fún mi nípa ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ti ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn gbìyànjú láti sọ ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn nù, kí wọ́n sì máa ṣe ohun tí kò le ju ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀ dáadáa: láàárín àwọn tí wọ́n ti pé ẹni 60 ọdún sókè, ìdá 71 ni. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n jèrè rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá tún sọ fún yín pé ó ti pẹ́ jù, ẹ fi èyí dá a lóhùn.

Ní ti eékún, ó ní ìwádìí mìíràn, ti 2005, fi hàn pé bí a bá sọ kílò kan nù, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ni ó ń kúrò lórí eékún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ronú sí iye ìgbésẹ̀ tí ó wà láàárín ilé mi àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù tí mo ti ń dì ru eékún tí kò bá mi jà pọ̀.

Mo ra bàtà kánfáàsì, mo sì jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kí ojú má baà tì mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà ní kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí ó tó pé ìṣẹ́jú méje, mo ti di ògiri mú. Àwọn ọmọ tí ń pe èrò sí dánfó ní ibùdókọ̀ kígbe pé, “Bàbá, ta ló ń lé yín?” N kò ní èémí tí n ó fi dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ìṣẹ́jú 15. Ní oṣù kẹta, ó di ìṣẹ́jú 30: láti Fọlá Agoro lọ sí Akọ́kà, kí n kọjá níwájú ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's, níbi tí Stephen Keshi, Henry Nwosu àti Samson Siasia ti kàwé kí ẹsẹ̀ wọn tó gbé wọn dé òkè òkun. Mo máa ń kí ilé-ẹ̀kọ́ náà bí mo bá ń kọjá. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó ti mọ ìwúlò ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí àwa àgbà rẹ̀ fi gbà pé ẹsẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé nìkan?

Ìrìn nìkan kò tó. Iṣan ara ń dín kù bí a ti ń dàgbà, bí a bá sì ń rù láìfi iṣan ṣiṣẹ́, a ó sọ iṣan nù pẹ̀lú ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, fi ní kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n, kí ó sì tún fi ọjọ́ méjì ó kéré tán lókun fún iṣan. Ìjókòó-dìde lórí àga ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà mẹ́wàá, láìfi ọwọ́ di nǹkan kan mú. Lẹ́yìn náà mo ń dúró kọjú sí ògiri, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ẹ̀yìn oṣù mélòó kan ni mo tó sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀, mo wá rí i pé ohun tí mo ń ṣe kò ṣàjèjì. Ìdọ̀bálẹ̀ ni.

Ẹ rò ó wò. Eré ìdárayá ni àwọn baba wa fi sínú ìkíni. Ọkùnrin tí ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbà mẹ́ta láàárọ̀, tí ó sì fi apá ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀mẹta, àti obìnrin tí ó bá kúnlẹ̀ délẹ̀ tí ó sì dá dìde, ti ṣe ohun tí àwọn mìíràn ń san owó fún láti lọ ṣe ní jíìmù. Gígún iyán, jíjó bàtá, títẹ̀ síwájú ọpọ́n Ifá àti dídìde kúrò nídìí rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń pe ẹsẹ̀ sí ìjókòó. Àwa ni a sọ ìdọ̀bálẹ̀ di fífi ìka kan ilẹ̀, tí a gbé àga wọ inú ilé Ifá, tí a sì ń pe èyí ní ọ̀làjú.

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni kí àgbàlagbà máa rìn kiri ní ìdájí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ni ó ń rìn ju àwọn baba wa lọ? Àwọn òyìnbó gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ní 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Jerry Morris gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Àwọn awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn agbowó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì náà, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lóòjọ́. Ọkọ̀ kan náà, ìlú kan náà, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn mú àwọn awakọ̀ ju àwọn agbowó ọkọ̀ lọ. Morris fúnra rẹ̀ kú ní 2009, ó ti pé ẹni ọdún 99. Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Bàrígà, ẹ wo awakọ̀ dánfó àti ọmọ tí ó so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi èwo nínú àwọn méjèèjì ni ikùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ ìdarí ọkọ̀.

Ohun tí ó le jù fún mi kì í ṣe ìrìn. Ẹnu ènìyàn ni. Nígbà tí mo ti sọ kílò mẹ́jọ nù, ọrùn mi tínrín, ẹ̀wù mi tóbi jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ wá, ó jókòó, ó ń bi ìyàwó mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé irú àìsàn wo ni. Oníbàárà kan tí a ti jọ ń ṣe pọ̀ fún ọdún mọ́kànlá wá gbé iṣẹ́ ńlá kan wá. Nígbà tí ó wò mí lójú tán, ó ní òun yóò padà wá san àsansílẹ̀, kò sì padà wá. Ẹ̀yìn èyí ni mo gbọ́ pé ó ń bẹ̀rù kí n má kú mọ́ owó òun lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ì bá san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Lóru ọjọ́ tí mo gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sídìí búrẹ́dì mi.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó sanra ni a ń pè ní ẹni tí ayé yẹ. Bí ó bá rù, a ó ní owó ti tán tàbí ikú ti dé. N kò dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ní ìgbà tí ìyàn ń mú, ara tí ó kún jẹ́ ẹ̀rí pé àkẹ́ kún. Ṣùgbọ́n ìyípadà ti dé. Ikùn ńlá ọkùnrin tí ó jókòó sí Ṣómólú kì í ṣe ẹ̀rí ọrọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ gbèsè, tí ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn ń san èlé lé lórí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ó rù, ẹ má ṣe sáré sin ín. Ẹ bi í léèrè. Bí ó bá sì ń rù láìmọ ìdí rẹ̀, kí ẹ rọ̀ ọ́ kí ó lọ rí dókítà kíákíá, nítorí èyí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é.

Mo mọ àtakò tí àwọn awo ẹgbẹ́ mi yóò mú wá. Wọn yóò ní àyànmọ́ kò gbóògùn, pé ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ìran àwọn mìíràn. Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1997, àwọn oníwádìí gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ìran wọn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá. Wọ́n wọn ti àwọn ará ilé ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ti àwọn tó wà ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, àti ti àwọn tó wà nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú ènìyàn 100, ẹ̀jẹ̀ ń ru lára 16 níhìn-ín, 26 ní Kàríbíà, 33 ní Amẹ́ríkà, bí ìwọ̀n ara wọn náà sì ti ń ga sí i láti ibì kan dé ibòmíràn nìyẹn. Orísun kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. N kò sọ pé ìran kò ní ọwọ́ níbẹ̀. Mo ní orí nìkan kọ́ ni ó wà ní ìjókòó náà. Àwa tí a wà nílé sì ti ń kó irú ìgbé ayé wọn wọ àdúgbò wa.

Wọn yóò tún ní ẹbọ ni ó yẹ kí ènìyàn rú. Èmi náà rú tèmi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifá tí ó ní kí a rúbọ náà ni ó ń fún ni ní èèwọ̀. Ẹni tí Ifá bá ní kó má jẹ nǹkan kan kì í jiyàn. Títí yóò fi kú ni yóò fi yẹra fún un, ìbáà jẹ́ pé ẹnu ń wà á tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa bá dókítà jiyàn lórí iyọ̀ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìkóra-ẹni-níjàánu kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa. A ti ní in nínú ẹ̀sìn wa. A kàn kọ̀ láti lò ó fún ikùn ni.

Mo gbà pé àdúgbò wa kò rọrùn. Ojú títì há, gọ́tà ń bẹ láìní ìdérí, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń dí ni nímú, bí òjò bá sì rọ̀, omi a gba ọ̀nà. Mo sì mọ̀ pé aláàárù àti obìnrin tí ń kiri ọjà ní Bàrígà kò nílò kí n wàásù ìrìn fún wọn. Ìsinmi ni wọ́n nílò. Àwa tí a ń jókòó ni mò ń bá wí: atẹ̀wé, aránṣọ, akọ̀wé, awakọ̀, àti awo tí ń jókòó ti ọpọ́n látàárọ̀.

Àbá tí mo mú wá kò ju èyí lọ. Ọ̀sẹ̀ Ifá wa, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń yí po. Kí ilé Ifá kọ̀ọ̀kan máa pàdé ní ìdájí ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí a jọ rìn fún 30 ìṣẹ́jú kí a tó jókòó ti Ifá, kí àgbà máa rìn ní ìwọ̀n àgbà, kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni díje. Kí a ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a gbé e sí igun ilé, kí ó sì di àṣà. Kí omi àti èso dúró níbi tí páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń dúró ní ọjọ́ ọdún. Kí ẹni tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ó ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àbúrò mi tí ó lọ bá ti ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ì bá ti bi í léèrè pé, “Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?” Ó yẹ kí ó jẹ́ èmi. N kò bi í.

Ó ti di oṣù 20 tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kílò 92 ni mo wọ̀n báyìí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni òǹkà náà fi dúró sójú kan, nínú oṣù Ọ̀pẹ sì ni mo padà gba kílò mẹ́ta níbi àríyá. Mo tún sọ wọ́n nù. Oògùn mi kò tíì kúrò ṣùgbọ́n dókítà ti dín in kù. Oníbàárà mi kò tíì padà wá.

Ní ọdún Ifá tó kọjá, mo tún dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá wa. Ọmọ awo méjì ti dúró tì mí, wọ́n ti na ọwọ́. Mo fi apá mi ti ilẹ̀, mo fa eékún kan, mo fa èkejì, mo dìde. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ara mi. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn mi ìrùkẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tí ó kàn máa bọ̀.

Àìkú parí ìwà. Kí Ifá jẹ́ kí orí wa gbé wa, kí ẹsẹ̀ wa sì sìn wá dé ibi ire. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, kí ẹ pè é o. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ìjókòó bá fi ìjà tú ká.

Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.